Ọkọ̀ Àkànṣe Ní Bàbá Méjì

Ẹni tó bá dúró sí etí títì tó ti Zaria wọ Kánò yóò rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: orí ọkọ̀ tuntun kan ń bọ̀, ó ń dán yinrin, ṣùgbọ́n egungun lásán ló ń wọ́ tẹ̀lé e. Kò sí ìjókòó, kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Irin gígùn méjì, irin ìdábùú mélòó kan, táyà mẹ́fà, ó parí. Ṣásí nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣe tirẹ̀ tán. Ẹlòmíràn ni yóò sọ egungun náà di bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ aláìsàn, tàbí ilé tó ń rìn lórí táyà.

Ẹlòmíràn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í wádìí. Bí ọkọ̀ bá ti jáde tán, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n kọ orúkọ sí i lára, ohun tí gbogbo ayé máa ń bi olówó rẹ̀ ni pé, "Mercedes ni àbí Toyota?" Orúkọ bàbá kìíní nìyẹn. Bàbá kejì, ẹni tó jó irin mọ́ irin, tó ta wáyà gba inú ògiri, tó yan pákó tí ọmọ ènìyàn yóò fi orí tì sùn, kì í sábà ní orúkọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀.

Ní Noman's Land, nínú Sabon Gari ìlú Kánò, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn òkèèrè. Lẹ́yìn tí rélùwéè wọ Kánò, ní nǹkan bí ọdún 1912, ni wọ́n la Sabon Gari sílẹ̀ fún àwọn àlejò. Yorùbá, Ìgbò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ló sì kún ibẹ̀ títí dòní. Ọmọ Ìbàdàn tó bá gbọ́ "Sábó" yóò rò pé àdúgbò àwọn Hausa ni wọ́n ń wí. Ní Kánò, Yorùbá gan-an ni àlejò tó ń gbé Sábó. Àdúgbò tí àwọn ará rẹ̀ ní ilé méjì, ọ̀kan níbí, ọ̀kan ní ìlú ìbílẹ̀, kò lè má ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Ìjọ ń fẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa gbé òkú àgbà relé. Oníṣòwò ń fẹ́ ọkọ̀ tí yóò gba ẹrù bó ṣe wù ú. Àwọn olóṣèlú ní tiwọn ti mọ bọ́ọ̀sì ìpolongo ìbò tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ sí ọkọ̀-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tí ìdílé lè sùn, kí wọ́n dáná, kí wọ́n wẹ̀ nínú rẹ̀, kò jìnnà mọ́.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gun ọkọ̀ bàbá méjì. Bọ́lẹ̀kájà tó gbé àwọn ìyá alájàpá káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà kan, ṣásí Bedford tàbí Austin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú ló fi pákó kan ara lé e lórí. Mọlúè Èkó náà, Mercedes 911 ni ẹsẹ̀ àti ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn wẹ́dà Èkó ló bí ara rẹ̀. Ẹni tó wọ mọlúè rí kò ní gbàgbé irin etí ìjókòó tó ń fa aṣọ ya. Mercedes kọ́ ló fi irin yẹn síbẹ̀. Síbẹ̀ Mercedes ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí a bá ní kí wọ́n dárúkọ wẹ́dà kan ṣoṣo nínú àwọn tó kan mọlúè, ẹnu yóò wọhò.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Winnebago tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Forest City, ní Iowa, ní ọdún 1958, tó ń ṣe ọkọ̀-ilé, kì í rọ ẹ́ńjìnnì; orí ṣásí àwọn ẹlòmíràn bíi Ford tàbí Mercedes ló ń kọ́ ilé lé. Hymer ti ilẹ̀ Jámánì ń kọ́ tirẹ̀ sórí Fiat tàbí Mercedes. Òfin California tó ń dáàbò bo ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun tó ń bàjẹ́ léraléra tilẹ̀ pín ọkọ̀-ilé sí méjì gbangba: ṣásí àti ohun tó ń mú ọkọ̀ rìn wà lára ohun tí òfin náà pè ní ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n apá tí ènìyàn ń gbé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí gíá bá kọṣẹ́, ìlànà kan wà fún un. Bí òrùlé bá ń jò, ìlànà mìíràn ni. Ẹni tó bá rò pé bàbá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ òun ní yóò máa lọ kan ilẹ̀kùn onílé tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ti bàbá kìíní rọrùn láti wádìí, nítorí ó fi àmì sílẹ̀. Nọ́ńbà ṣásí ni àmì náà: lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin ṣásí, tí wọ́n sì tún lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn tàbí abẹ́ gíláàsì iwájú. J níbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí Japan, W túmọ̀ sí Jámánì, 1, 4 tàbí 5 túmọ̀ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀ rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú fún nọ́ńbà. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú, ọwọ́ kan ti kan irin náà. Kí olùrà tẹríba wo irin fúnra rẹ̀, kó fi aṣọ nu epo kúrò, kó sì fi ohun tó rí wé ìwé aṣọ́bodè. Kó yẹ táyà wò bákan náà. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ṣásí "tuntun" tó ń rìn lórí táyà ọlọ́dún méje ti dúró síbì kan pẹ́, ó sì yẹ kí ẹni tó ń tà á sọ ibi tó dúró sí.

Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ẹni tó bá parí ọkọ̀ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn lọ́tọ̀, nítorí náà orúkọ bàbá méjèèjì ló máa ń wà lára ọkọ̀. Àṣà tó dára ni. Olùrà ní Kánò lè béèrè fún un pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ orúkọ yín, ọjọ́ tí ẹ parí rẹ̀ àti ìwọ̀n tí ó lè gbé sórí irin pẹlẹbẹ kan, kí ẹ kàn án mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn." Ọ̀gá tí inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe é tayọ̀tayọ̀. Èyí tó bá ń fà sẹ́yìn ti dáhùn ìbéèrè kan tí wọn ò tíì bi í.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn kì í ṣe eré. Gbogbo ṣásí ló ní ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ọkọ̀ àti ẹrù pọ̀. Bí wẹ́dà bá ṣe ń fi irin kún irin kí ara ọkọ̀ lè le, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ nínú ohun tó kù fún èrò àti ẹrù. Omi lítà kan, kílò kan ni. Táǹkì omi 200 lítà nínú ọkọ̀-ilé dà bí àgbàlagbà mẹ́ta tí kì í sọ̀ kalẹ̀. Kí olùrà tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kó béèrè pé: kílò mélòó ni ọkọ̀ yìí yóò wọ̀n ní òfo lẹ́yìn tí ẹ bá parí? Bí ọ̀gá bá fèsì pé "Á gbé e, ẹ má ṣèyọnu," ìyẹn kì í ṣe nọ́ńbà. Àwọn Yorùbá tó wà ní ìlú ọba mọ èyí lọ́nà mìíràn: ẹni tó yege ìdánwò ìwakọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ láti 1 January 1997 wá kò lè fi ìwé yẹn nìkan wa ọkọ̀-ilé tó ń lo epo, tí ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, ọkọ̀ àti ẹrù pọ̀, ju kílò 3,500 lọ, nítorí náà kílò díẹ̀ tí akọ́lé bá ṣì kà lè sọ awakọ̀ di arúfin.

Ọgbọ́n tó ju gbogbo rẹ̀ lọ nínú wíwádìí bàbá kejì kò ná owó púpọ̀. Má wo ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Gbogbo ọkọ̀ ló rẹwà lọ́jọ́ tí wọ́n kùn ún. Sọ fún ọ̀gá pé kó fi ọkọ̀ tó ṣe ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn hàn ọ́, kó sì jẹ́ kó tó mẹ́ta, lọ́wọ́ olówó mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ síbẹ̀ láìsí òun.

Ojú ọjọ́ Kánò ló fà á tí ìwádìí yìí fi ṣe pàtàkì níbẹ̀. Òjò Kánò kò ju oṣù mélòó kan lọ láàrin ọdún. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní December lè lo oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ẹ̀kán òjò kan tó kan òrùlé rẹ̀, nígbà tí owó ti tán lọ́wọ́ olùrà tí ọ̀gá sì ti gba iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò jẹ́ kí ó pamọ́. Eruku ọyẹ́ ń wọ gbogbo ibi tí omi yóò gbà wọlé lọ́la. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti lo ọyẹ́ mẹ́rin, ẹ wo rọ́bà etí rẹ̀. Níbi tó bá ti di pinpin, rọ́bà dúdú ni ẹ óò rí. Níbi tó bá ti là, ìlà eruku pupa tín-ín-rín kan yóò wà níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi lẹ́ẹ̀dì fà á, yóò gba abẹ́ fèrèsé kọjá, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìjókòó. Ẹ gbé ìka lé e. Ìlà yẹn ni omi yóò tọ̀.

Kí ẹni tó ń lọ mú òòfà kékeré dání, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì. Kó máa fà á lọ lára páńẹ́lì irin díẹ̀díẹ̀. Níbi tí irin gidi bá wà, òòfà á dì í mú. Níbi tí panẹlibítà ti fi bọ́dífílà dí ihò tàbí irin tó tẹ̀, òòfà á yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bọ́dífílà díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó bá tó àtẹ́lẹwọ́ méjì lára ọkọ̀ tí wọ́n pè ní tuntun yẹ kó ní àlàyé. Bí ara ọkọ̀ bá jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí fáíbà, òòfà kò ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà náà, ìdí àwọn bóòtù ni kí ojú lọ, níbi tí ara ọkọ̀ ti so mọ́ ṣásí, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti ń fẹ̀ tàbí ó ti ń sán.

Kí wọ́n tún béèrè nípa pákó. Lẹ́yìn ìjì Katrina, ní August 2005, ìjọba Amẹ́ríkà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé alágbèérìn fún àwọn tí omi gba ilé lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ tí ojú àwọn tó ń gbé inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n, tí ọ̀fun ń dùn wọ́n. Nígbà tí àjọ ìlera CDC yẹ 519 nínú àwọn ilé náà wò, tí wọ́n sì sọ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2008, wọ́n rí i pé formaldehyde tó wà nínú afẹ́fẹ́ wọn ga ju ti ilé tí a mọ̀ lọ. Inú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ plywood àti àwọn pákó àtẹ̀pọ̀ ni gáàsì yìí ti máa ń wá, ooru sì máa ń lé e jáde sí i. Kánò ní oṣù March sí April ń gbóná tó ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn yẹn, tí pákó yí i ká láti òkè dé ilẹ̀, tí ọmọdé yóò wá sùn nínú rẹ̀ lálẹ́! Ọ̀rọ̀ tó tọ́ kí olùrà fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ni: pákó wo ni, ta ló ṣe é, kí ló wà lára àpò tàbí ẹ̀yìn rẹ̀? Wáyà náà ń kọ́? Sílíńdà gáàsì, níbo ni yóò dúró, ṣé ihò wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí gáàsì tó bá jò lè gbà jáde? Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni bóyá bàbá kejì yóò ṣì wà láyé iṣẹ́ nígbà tí ọmọ bá ṣàìsàn. Orúkọ ńlá kì í ṣe ẹ̀rí. Ní March 2009, láàrin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, Monaco Coach àti Fleetwood, méjì nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀-ilé tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà, sá sábẹ́ òfin àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ìwé ìdánilójú tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà di ọ̀kan lára gbèsè. Bedford fúnra rẹ̀, tó gbé bọ́lẹ̀kájà, bẹ̀rẹ̀ ní 1931, ṣùgbọ́n ní 1987 wọ́n ta ẹ̀ka ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nílé níbí nígbà kan rí, Leyland wà ní Ìbàdàn, Anammco ní Enugu, Steyr ní Bauchi, Peugeot ní Kaduna, Volkswagen ní Èkó. Ní Kánò gan-an, National Trucks Manufacturers ń to ọkọ̀ akẹ́rù Fiat. Ẹ̀yà ọkọ̀ láti òkè òkun ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí náírà wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó ẹ̀yà náà fò kọjá agbára wọn, iye tí wọ́n ń ṣe sì já wálẹ̀. Àwọn tuntun ti dìde lẹ́yìn wọn. Ilé-iṣẹ́ Innoson ní Nnewi, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí ní October 2010, ń ṣe bọ́ọ̀sì, ẹni tó bá sì ń fẹ́ bọ́ọ̀sì lásán lè rí i pé ọ̀dọ̀ irú wọn ló dára jù, nítorí bàbá kan ni yóò máa bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ti àkànṣe bá kàn án dandan yóò kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ CAC, tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi fóònù wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí ojú-òpó wọn, kó rí nọ́ńbà RC rẹ̀ àti ọdún tó forúkọ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òun ti ń kan ọkọ̀ láti ogún ọdún, tí ìwé rẹ̀ kò sì pé ọdún méjì, lè ní ìdí gidi. Kí ó sọ ọ́. Orúkọ tó wà ní CAC, orúkọ orí rísíìtì àti orúkọ àkáǹtì tí owó ń lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìwé àdéhùn pàtàkì pẹ̀lú, nítorí òun ni àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà, yóò kọ́kọ́ béèrè bí ìjà bá dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó dáńgájíá kò forúkọ sí ibì kankan, òótọ́ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn lè ju ti ilé-iṣẹ́ alábọ́ọ̀dù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún wọn ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dípò ìwé tí wọn kò ní.

Ibẹ̀ ni sísan owó díẹ̀díẹ̀ ti wúlò. Àṣà tó ń pa olùrà lára jù ni kí wọ́n kó ìdajì owó sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n wá padà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá parí. Ohun tó yẹ kí wọ́n rí ti wọ inú ògiri nígbà yẹn. Kí owó máa tẹ̀lé iṣẹ́: díẹ̀ nígbà tí ṣásí bá dé, díẹ̀ nígbà tí egungun ara ọkọ̀ bá dúró tí páńẹ́lì kò tíì bò ó, kí ojú lè rí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin. Ojú ibi tó jó dáadáa máa ń tẹ̀lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Èyí tó kún fún kókó àti ihò kéékèèké kò mú ìdí irin. Díẹ̀ tún ni kó tẹ̀lé e nígbà tí rẹ́wáyà bá ta wáyà tán tí òrùlé inú kò tíì bò ó. Lọ́jọ́ yẹn, kí olùrà mú fóònù rẹ̀, kó ya gbogbo ògiri ní fọ́tò, igun kọ̀ọ̀kan, kó sì ní kí rẹ́wáyà ya àwòrán ọ̀nà wáyà sórí ìwé. Inú orí rẹ́wáyà kan ṣoṣo ni àwòrán yẹn máa ń wà. Bí ó bá lọ sí Èkó tàbí Cotonou, tí iná kú lójú ọ̀nà lóru, ògiri ni wọ́n máa fọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni omi. Kí wọ́n tó san owó tó kù, kí wọ́n gbé rọ́bà omi sórí òrùlé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan dúró nínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn tì, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kó má sọ̀rọ̀. Kó gbé ọwọ́ lé ìsopọ̀ òrùlé, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà abẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tó ti rí ìlà eruku lára ọkọ̀ olówó mìíràn. Níta, ọ̀gá àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ yóò máa dúró, wọn yóò máa wo omi tó ń ṣàn sílẹ̀ lára páńẹ́lì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.